Ilẹ̀kùn Yàrá Yìnyín Alhájì Mùsbáù

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn àgbà ti sọ èyí tipẹ́. Ohun tí wọn kò fi kún un ni pé nígbà mìíràn, kí ọwọ́ méjèèjì tó lè ran ara wọn lọ́wọ́, Ọlọ́run Ọba a máa rán ìfẹ́ sí àárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Adjamé, nínú ìlú Abidjan, ní ọdún 2010, nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná ń ṣe bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Mùkàrámà kọ́kọ́ rí i. Oòrùn kò tíì ga, ṣùgbọ́n ọjà Roxy ti kún dẹ́nu, àwọn ọkọ̀ gbàkà ń fọn fèrè, àwọn alágbàrù ń ké "pardon, pardon" láàárín èrò. Mùkàrámà gbé garawa omi yọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù baba rẹ̀, ó sì bá ọkùnrin gíga kan níbẹ̀. Ọkùnrin náà fi etí ọ̀tún lé ara ògiri yàrá yìnyín wọn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ó dijú bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ilé. Òwú èèpo àgbọn kún inú irun rẹ̀ bí ẹni tó sùn nínú ìtẹ́ ẹyẹ mọ́jú.

"Monsieur, vous cherchez quoi?" Faransé ni Mùkàrámà fi bi í ohun tó ń wá, ohùn rẹ̀ sì le.

Ọkùnrin náà kò la ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀," ó fi Yorùbá dá a lóhùn. "Ògiri yín ń sọ̀rọ̀."

Yorùbá yé Mùkàrámà dáadáa. Òun ni ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti lọ sí iléèwé, nítorí náà Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ. "Kí ni ògiri wa wí?"

"Ó ní òun ń làágùn." Ọkùnrin náà la ojú, ó fi ìka han ibi tí omi ti ń sun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára símẹ́ǹtì. "Òtútù yín ló ń jáde lọ yìí. Ẹ̀yin ń ná owó iná, àwọn eṣinṣin Roxy ló ń gba afẹ́fẹ́."

"Àwọn olè náà máa ń fi etí lé ògiri."

"Olè tó bá jí yìnyín ní Abidjan, kí ó tó délé, ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣófo."

Mùkàrámà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Garawa fì lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ̀ba kíákíá, ó gba garawa náà, ó dà á nù fún un, ó sì dá a padà bí ẹni tó ń dá adé padà fún ọba. Sìrájù ni ó ń jẹ́. Ọ̀yọ́ ni ó ti wá, kò sì tíì ju ọdún méjì lọ ní ìlú náà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Émile, ọmọ onílẹ̀, ni wọ́n jọ gba yàrá kan ní Williamsville, tí wọ́n ń kan àpótí ìmútutù tó ń fi sólà ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò tíì pé ọdún kan. Èèpo àgbọn gbígbẹ ni wọ́n ń lù di òwú, tí wọ́n ń kì í sáàárín pákó méjì kí òtútù má baà rí ọ̀nà jáde.

"Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ògiri," ni ó wí.

Ẹni tó ni ògiri ni Alhájì Mùsbáù, baba Mùkàrámà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ti ń ta ẹja yìnyín níbẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti wá pẹ̀lú aṣọ méjì àti bùtà ìṣàlùwàlá kan, Ọlọ́run sì bù kún un. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì ọdún náà ni iná ti ń lọ ní àdúgbò dé àdúgbò, wákàtí mẹ́fà, wákàtí mẹ́jọ. Délestage ni wọ́n ń pè é, tọmọdé tàgbà ló sì ti mọ orúkọ náà. Jẹnẹrétọ̀ Alhájì ń mu epo bí ọ̀mùtí tó rí ẹmu. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí láti ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, Mùkàrámà nìkan ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá kírun tán lálẹ́, yóò jókòó sórí awọ, yóò máa sọ pé bóyá àkókò ti tó láti padà sílé.

Sìrájù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ta ló bí ọ?" ni Alhájì bi í.

"Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Bàbá."

"Ọ̀yọ́ tóbi. Ta ló mọ̀ ọ́ ní Abidjan níbí?"

 Ẹnu Émile nìkan ni orúkọ Sìrájù ti ń jáde ní ìlú náà.

"Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́, Bàbá," ni Sìrájù wí. "Bí iná bá wà, ẹ̀rọ yín yóò sọ kẹ́ẹ̀gì omi oníyọ̀ di yìnyín. Bí iná bá lọ, kẹ́ẹ̀gì yẹn yóò máa mú yàrá tutù, sólà yóò sì máa ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀sán. Yàrá ńlá bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì rí ẹni tó fún wa ṣe. Ẹ̀yin ní yàrá. Àwa ní ọgbọ́n rẹ̀."

"Ọgbọ́n tí kò tíì pé ọdún kan," ni Alhájì wí.

Mùkàrámà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ó dán an wò. Èmi ni mo dúró fún un."

Baba rẹ̀ wò ó pẹ́. Kò tíì gbọ́ kí ọmọ yìí dúró fún ẹnikẹ́ni rí.

Báyìí ni Sìrájù bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójoojúmọ́. Ó ń kan pákó mọ́ ògiri, Émile ń gbé èèpo àgbọn wọlé, Mùkàrámà sì ń ta ẹja níwájú. Ìgbà tó bá di ọ̀sán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a jọ jókòó ti àtíẹ́kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín. Émile a jẹun tán kíákíá, a sì ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan kan. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó máa ń lọ wò.

"Wá à quatorze heures lọ́la," ni Mùkàrámà wí fún Sìrájù ní ọjọ́ kan.

"Aago wo nìyẹn? Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n kọ́ mi."

"Faransé tìrẹ náà ńkọ́? Ó dà bíi gbàkà tí kò ní búréèkì. Gbogbo ohun tó bá wà lójú ọ̀nà ló ń gbá."

Sìrájù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi í pé kí ni oríkì rẹ̀. Mùkàrámà wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó tún fi pè é.

"Àníkẹ́," ni ó wí.

Kò yára pè é. Ó tọ́ orúkọ náà wò lẹ́nu, bí ènìyàn ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Àníkẹ́," ni ó wá wí. "Àníkẹ́ ọmọ Ajílété. Àníkẹ́ òtútù tí ń mú ara ẹni gbóná. Àníkẹ́, ẹja tó gbọ́n ju àwọ̀n lọ, tó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé apẹja."

"Ẹja kò lẹ́sẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí apẹja fi ń dúpẹ́."

Mùkàrámà dìde, ó ní oníbàárà ń pe òun. Kò sí oníbàárà kankan níwájú. Ó dúró nínú yàrá yìnyín fún ìgbà díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, òtútù náà kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó bá wọn lọ sí Port-Bouët láti kó èèpo àgbọn. Òkun ń hó, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n, ọkọ̀ òfuurufú ń sọ̀ kalẹ̀ lókè orí wọn bí ẹyẹ tó ti rẹ̀. Émile ń di àpò mọ́ ọkọ̀. Sìrájù ṣa òwú àgbọn kan kúrò lórí gèlè Mùkàrámà, ó sì dì í mú lọ́wọ́, kò jù ú nù.

"Àníkẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Má tíì sọ ọ́. Jẹ́ kí ẹja dúró láìbàjẹ́ ná. Orúkọ bàbá mi wà nínú yàrá yẹn, tèmi náà sì ti wọ ibẹ̀."

Sìrájù mi orí pé òun gbà. Ọkùnrin tó ń kánjú a máa bínú sí irú èsì bẹ́ẹ̀. Òun gbé àpò tó wúwo jù sórí, ó ń kọrin lọ.

Wọ́n parí iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú Máólúdì. Alhájì ti ṣọ́ọ̀bù láti Jímọ̀ títí di Àìkú nítorí ọdún Ànábì. Wọ́n ní ìgbà yẹn ló dára láti dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni iná lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì pẹ́ tó ọjọ́ kan gbáko. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó dà bí ẹni pé ọyẹ́ ló ń gbé inú ibẹ̀. Alhájì wọlé fúnra rẹ̀, ó jáde, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Ọ̀yọ́," ni ó wí fún Sìrájù, "o gbìyànjú."

Ní ọjọ́ Ajé, iná lọ kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni. Sìrájù àti Émile ti lọ sí Port-Bouët. Àwọn obìnrin ọjà tí wọn kò rí ẹja rà fún ọjọ́ mẹ́ta tú dà sí ẹnu ọ̀nà Alhájì. Bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ ni wọ́n ṣe lónìí náà: wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan sínú yàrá yìnyín gan-an, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣa ẹja.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Nígbà tí Alhájì kọ́kọ́ dé Adjamé, àwọn kan ń sọ kiri pé àwọn àlejò a máa fi ẹja jíjẹrà sábẹ́ èyí tó dára. Alhájì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó ní, "Ẹ wọlé. Ẹ fi ojú yín wò, ẹ fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ gbé." Ilẹ̀kùn yẹn ló sọ ọ́ di ènìyàn. Mùkàrámà dàgbà bá a níbẹ̀ bí ènìyàn ti ń dàgbà bá èémí ara rẹ̀, kò sì wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kí òun sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Sìrájù ní tirẹ̀ ń kan pákó lẹ́yìn ògiri. Kò wá síwájú wo bí wọ́n ti ń tajà. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ilẹ̀kùn ṣí, ó tì, ó ṣí. Oòrùn ń wọlé, òtútù ń jáde. Kí ó tó di ìrun Àsárì, kẹ́ẹ̀gì yìnyín ti di omi pátá. Mùkàrámà tẹ ikùn kòtè kan, ìka rẹ̀ sì wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹja púpọ̀ ti bá àwọn oníbàárà lọ. Ní ọjọ́ kejì, Tanti Sùwéébátù, tó ń din ẹja pẹ̀lú àtíẹ́kẹ́ ní ìkóríta, gbé agbada rẹ̀ wá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ti ń rajà lọ́wọ́ Alhájì láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ó tẹ́ ẹja náà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo ọjà.

"Alhájì, inú ń run àwọn oníbàárà mi," ni ó wí. "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣà á, nítorí náà n kò lè ní ẹ rẹ́ mi jẹ. Kí ni kí n sọ?"

 Alhájì kó gbogbo ẹja tó kù nínú yàrá jáde. Àwọn tó ń yan ẹja wá, wọ́n ní kí ó tà á fún àwọn, ó kọ̀. Ó wa kòtò, ó rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń sin òkú, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ rẹ̀.

"O dúró fún un, mo gbà. N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kí ó má wá síbí mọ́. Èmi óò ta ohun tó kù, kí òjò tó parí, èmi àtìwọ óò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ mi dára nígbà tí mo dé. N kò fẹ́ dúró kí ó bàjẹ́ tán."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sìrájù dúró ní ìdí ògiri lẹ́yìn ilé, ojú rẹ̀ wú.

"Ó yẹ kí o bi mí bí a ti ń tajà," ni Mùkàrámà wí.

"Ó yẹ kí o sọ fún mi."

Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n òtítọ́ méjì pàdé lórí afárá tóóró, kò sì sí èyí tó fẹ́ padà sẹ́yìn fún èkejì. Sìrájù kó irin iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Jẹnẹrétọ̀ tún ń ké bíi ti tẹ́lẹ̀. Mùkàrámà ń tajà, ó ń kí ènìyàn, ó ń gbàdúrà, kò sì sí ẹni tó pè é ní Àníkẹ́. Ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó mú ọkùnrin náà kúrò lọ́kàn òun. Nígbà tí Ọlọ́run kò dá a lóhùn lórí èyí, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣáà la òun lójú.

Ọlọ́run gba èkejì. Ní òwúrọ̀ kan ó jókòó ti ilẹ̀kùn, ó ń wo àwọn oníbàárà bí ẹni tí kò rí wọn rí. Obìnrin kan wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó wo ojú ẹja, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó jáde. Òmíràn wọlé, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Títí ọjà fi tú, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó dé ìdajì yàrá. Ẹ̀yìn yàrá, níbi tí ẹja púpọ̀ wà, ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀. Síbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n ṣe ń ṣí gbogbo ilé sílẹ̀ fún oòrùn. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Onílé náà lójú, ó ń fi tirẹ̀ sùn.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Williamsville. Émile ló ṣí ilẹ̀kùn.

"Ah, la patronne," ni ó wí, bí ẹni ń kí ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń fi Faransé bá ọ̀rọ̀ lọ pé ọpẹ́lọpẹ́ pé ó wá, ọ̀rẹ́ òun kò jẹun dáadáa mọ́, èèpo àgbọn ló ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan kan.

Sìrájù dìde lórí àpótí. Ó ti rù. Mùkàrámà kò kí i pẹ́. Ó mú ẹfun lórí tábìlì, ó kúnlẹ̀, ó ya yàrá yìnyín baba rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ibí ni ilẹ̀kùn. Ibí ni ẹsẹ̀ wọn ń dé. Wọn kì í kọjá ibí. Ìdí tí wọ́n fi ń wọlé nìyí." Ó sì sọ ìtàn baba rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Sìrájù kúnlẹ̀ lódìkejì ẹfun náà.  "Ẹja ni mo kọ́ ilé fún, Àníkẹ́. N kò kọ́ ọ fún àwọn tó ń rà á."

"Èmi náà mọ̀ wọ́n, n kò sì wò wọ́n. Mo ti dárí jì ọ́. Ìwọ ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí mo kó irin mi ni mo ti dárí jì ọ́. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n wá."

Ó gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀, ìka wọn sì kan ara wọn. Ó fa ìlà kan sí iwájú yàrá náà: yàrá kékeré nínú yàrá ńlá, tí a ó kó ẹja ọjọ́ kan sí kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí àwọn obìnrin máa wọ ibẹ̀, kí rọ́bà tó nípọn rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tó wọ yàrá ńlá, má sì ṣí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́.

"Gbé e wá síwájú díẹ̀ sí i," ni Mùkàrámà wí. "Tanti Sùwéébátù sanra. Bí ara rẹ̀ bá ha níbẹ̀, ó tán fún wa." Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bú jáde nínú yàrá náà.

Mùkàrámà kò lọ bá baba rẹ̀. Ìdí agbada Tanti Sùwéébátù ló lọ, ó kúnlẹ̀ nínú èéfín, ó ṣàlàyé.

"Ṣé màá ṣì fi ẹsẹ̀ ara mi wọlé?" ni Tanti bi í.

"Ẹ óò wọlé, Tanti."

"Màá fi àtàǹpàkò mi tẹ ikùn rẹ̀?"

"Ẹ óò tẹ̀ ẹ́."

Tanti yí ẹja padà nínú epo. "Ọkùnrin náà wù ọ́, àbí?"

Mùkàrámà wo epo tó ń hó.

"Mo ti gbọ́ èsì," ni Tanti wí. "Ẹja tèmi ló bàjẹ́, nítorí náà èmi ni ẹnu mi gbà á láti bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Dìde kúrò nínú èéfín."

Ohun tó sọ fún Alhájì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Alhájì jáde, ó ní, "Ẹ kọ́ ọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fún un. Bí ẹja bá rọ̀ ní ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ Abidjan mọ́. A ti ń lọ nìyẹn."

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà, iná sì lọ kété tí wọ́n kírun Sùbúhì tán. Sìrájù dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò. Kò kan nǹkan kan, kò sì bá Mùkàrámà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí rọ́bà ẹnu ọ̀nà bá mì, ọkàn àwọn méjèèjì ń mì pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn obìnrin wọlé, wọ́n tẹ̀, wọ́n ṣà, wọ́n ná ọjà, wọ́n bú Alhájì pé ó ti di ahun, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Oòrùn gun orí ọjà, ó sọ̀. Iná kò dé. Ní Àsárì, Tanti Sùwéébátù wọ inú yàrá kékeré náà, ara rẹ̀ sì gbà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ kòtè kan, ó tún tẹ òmíràn.  Ó gbé mẹ́wàá, ó sanwó, ó ń lọ.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Alhájì ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó wọlé lóun nìkan. Ó mú ẹja kan jáde láti ìdí ògiri pátápátá, ó sì fi orí rẹ̀ kan irin ẹnu ọ̀nà. Ó dún kò, bí òkúta.

Ó dúró, ó ń wo ẹja náà lọ́wọ́. 

"Sìrájù," ni ó wí, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò pè é lórúkọ, "ṣé o ti jẹun lónìí?"

"Rárá, Bàbá."

"Mùkàrámà, wá oúnjẹ fún ọmọ yìí."

Mùkàrámà lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì gbé oúnjẹ wá. Lẹ́bàá abọ́ yẹn, láìsí ẹlòmíràn nítòsí, Sìrájù sọ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nínú rẹ̀ láti etí òkun. Gbólóhùn kan péré ni. Mùkàrámà ní kí ó tún un sọ, nítorí pé ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Láàárín oṣù kan, oníyàrá yìnyín méjì mìíràn ní Adjamé wá bẹ Alhájì pé kí ó fi àwọn ọmọ tó ṣe é hàn wọ́n. Alhájì ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà jókòó wo bí wọ́n ti ń tajà fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò tún sọ̀rọ̀ pípadà sílé mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìtọrọ ló wá kù. Sìrájù kò ní ẹbí kankan ní ìlú náà. Ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ fi fóònù súre láti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n fóònù kì í wọlé jókòó. Tanti Sùwéébátù ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni òun, òun sì ni òun yóò ṣáájú. Ó wọlé, Sìrájù tẹ̀ lé e, Émile tẹ̀ lé wọn nínú agbádá tí wọ́n yá fún un, tó ń gbá ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ tẹ́ ẹja sílẹ̀ lójú ọjà fún mi," ni Alhájì wí, ó ń fi irùngbọ̀n pa ẹ̀rín mọ́, "ẹ̀yin náà ni ẹ wá tọrọ ọmọ mi?"

"Alhájì, ẹni tí a ti bá jà rí ni a mọ̀," ni Tanti dá a lóhùn. "Mo ti rí yín ní ọjọ́ ìtìjú, ẹ kò sá. Mo ti rí ọmọ yìí náà ní ọjọ́ ìtìjú: ó lọ, ó padà wá tún un ṣe. Ta ni ẹ tún fẹ́ fún ọmọ yín?"

Alhájì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ó wù ọ́?"

"Ó wù mí, Bàbá."

"Ó ti parí. Ọlọ́run kí ó gbà á."

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹfà ni wọ́n so yìgì wọn, nínú òjò. Ilé Alhájì kún, bàtà kún ẹnu ọ̀nà, Lèmọ́mù jókòó láàárín wọn. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ṣàdákì, Lèmọ́mù bèèrè ohun tí ìyàwó fẹ́ gbà. Àwọn ènìyàn wo Alhájì. Alhájì ní, "Òun ló ni ṣàdákì. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀."

Wọ́n ránṣẹ́ sínú yàrá àwọn obìnrin. Dípò kí Mùkàrámà rán èsì, ó jáde wá, ìbòrí funfun lórí rẹ̀, ó dúró lẹ́bàá baba rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ wúrà, òun kò fẹ́ aṣọ. Lèmọ́mù ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ní àǹfààní fún un. Mùkàrámà ní ó ní àǹfààní. Ó wo Sìrájù tó jókòó lórí ẹní nínú ẹ̀wù funfun, tí òógùn ń yọ lójú rẹ̀ láìka òjò sí. Yorùbá nìkan ló fi sọ ọ́, láìfi Faransé kankan kún un.

"Kọ́ mi ní iṣẹ́ rẹ," ni ó wí.